Mílíìkì ò lè fọ benzene kúrò lára

Tí epo bá ti wọ́n ní Ìlọrin báyìí, táwọn tó ń ta fúẹ́ẹ̀lì nínú kẹ́ẹ̀gì ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ máa rí i pé họ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń fa epo, ẹnu ni wọ́n sì fi ń fà á. Tó bá ṣèèṣì bọ́ sí wọn lọ́fun, wọ́n á tutọ́ dànù, wọ́n á mu mílíìkì alágolo tàbí kí wọ́n bu epo pupa lá, ó tán nìyẹn, mílíìkì ti fọ àyà. Àwọn mẹkáníìkì tó ń fi fúẹ́ẹ̀lì fọ kabúrétọ̀ náà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bíni nínú gan-an o, torí ibi tí májèlé yẹn ti ń ṣiṣẹ́, mílíìkì ò lè débẹ̀ láéláé, àti pé tí epo pupa yẹn bá mú èèyàn bì, fúẹ́ẹ̀lì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn tún burú ju èyí tó gbé mì lọ.

Benzene ni májèlé tí mò ń wí yẹn, ó wà nínú fúẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò fẹ́ kó ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Kíá ló máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, imú ló sì ń bá wọlé jù, torí náà ẹni tó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì látàárọ̀ dalẹ́ tí ò tiẹ̀ fẹnu kan họ́ọ̀sì rárá ṣì ń gbà á sára. Nǹkan bí ìdajì èyí tó bá fà símú ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le rèé. Benzene dà bí òróró, kì í pò mọ́ omi, ìtọ̀ ò lè gbé e jáde bó ṣe wà yẹn. Ẹ̀dọ̀ á wá fi ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) tí wọ́n ń pè ní CYP2E1 lẹ ọ́síjìn mọ́ ọn kó lè yọ́ nínú omi. Iṣẹ́ rere ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń yẹ ìtọ̀ òṣìṣẹ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tó fà símú. Àmọ́ lára ohun tí ẹ̀dọ̀ ṣe jáde yẹn, hydroquinone, máa ń bá ẹ̀jẹ̀ dé mùdùnmúdùn inú eegun, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí ara fi ń pa kòkòrò àìsàn wà níbẹ̀, òun ló máa sọ ọ́ di benzoquinone, ìyẹn ló ń ba DNA, ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́. Ara fúnra ẹ̀ ló parí májèlé yẹn.

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada, l'Ókèlele, á tètè lóye ohun tó kàn. Mùdùnmúdùn eegun ni ibi ìmọ̀kòkò ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń mọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tí ìkòkò kan bá fọ́, ẹyọ kan ló lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa ò kúkú lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí taàrá bá wọnú òkìtì amọ̀ gan-an ńkọ́, gbogbo ìkòkò tí wọ́n bá bù nínú amọ̀ yẹn mọ ló máa gbé e dání, ẹ ò sì ní mọ̀, ojú ẹ̀ á máa dán, ó di ìgbà tí iná bá kàn án. Sẹ́ẹ̀lì ìyá tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti ń wá ni amọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fi lè jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀ téèyàn ti fiṣẹ́ epo sílẹ̀. Ara ní ẹni tó ń ṣa taàrá o, ẹ́ńsáìmù NQO1, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n bí tiwọn láìlágbára. Kí ara kó ohun tó ń pa kòkòrò sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá amọ̀, ibẹ̀ ni ètò yẹn ti kù díẹ̀ káàtó.

Ara àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti rí gbogbo èyí. Ní 1974 Muzaffer Aksoy, dókítà ará Tọ́kì, kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣe bàtà ní Istanbul, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò ní benzene nínú, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì ń mú wọn. Ní 1977 wọ́n rí irú ẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ rọ́bà ní Ohio, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1987 Amẹ́ríkà ní benzene inú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú mílíọ̀nù lọ. Àfi ìgbà tó di 2004 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ bàtà 250 wò ní Tianjin, ní Ṣáínà, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wọn ti dín kù, títí kan àwọn tó ń fa èyí tí ò tó 1 yẹn símú, sẹ́ẹ̀lì ìyá ló sì kọ́kọ́ fara gbá ju àwọn tó ti dàgbà lọ. Wọn ò tíì ṣàìsàn kankan nígbà yẹn o. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi rí i ò ṣòro, kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní lábù ọsibítù, ẹni tó bá ti ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì fún ọdún bíi mélòó kan lè lọ ṣe é kó tó rẹ̀ ẹ́ rárá.