Ẹ̀jẹ̀ Títẹ́: Ọ̀rọ̀ tí Mo Yàn, Mi Ò sì Ní Yí I Padà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, pè mí pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọ̀gbun ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Canyon lọ. Nínú oṣù Keje, nígbà ooru wọn! Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, omi tá a rà kún bùùtù ọkọ̀." Mo ní omi yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní hyponatremia ni mo ní lọ́kàn, ìyẹn kí omi pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé iyọ̀ inú rẹ̀ á dín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ títẹ́ ni èmi ń pè é, orúkọ yìí sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tá a máa ń jókòó fa ọ̀rọ̀ èdè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nílùú wa níbí.

Ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní ká kúkú kọ ọ́ ní háípónatrímíà, ká sinmi. Mo bi í pé kí ni ìyá tó ń ta iṣu ní Sábó fẹ́ gbọ́ nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ àyálò kì í bí mi nínú. A yá bíríkì, a yá rédíò, wọ́n ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn ń fojú rí nìyẹn. Èyí wà nínú ẹ̀jẹ̀, orúkọ nìkan la ní tá a lè fi dá a mọ̀.

Èyí tó burú jù ni "àìtó iyọ̀", tí mo gbọ́ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan. Àìtó iyọ̀ kẹ̀! Ẹni tí wọ́n ti ní kó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru á gbọ́ ọ, á tún máa da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Irọ́ sì tún wà nínú rẹ̀, torí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́ lè ti jẹ iyọ̀ dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Omi ló bo iyọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní "àmujù omi". Ìyẹn sún mọ́ ọn, àmọ́ ohun tó fa àìsàn ló dárúkọ, kò dárúkọ àìsàn.

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ níbi ìnáwó. Àlejò ń ya wọlé, alásè ń bu ọbẹ̀ jáde, ó sì ń bu omi lásán rọ́pò èyí tó bù. Ìkòkò ò fà rárá, ó kún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣíbí tó jáde ló gbé iyọ̀ lọ, omi tó wọlé ò sì gbé iyọ̀ kankan bọ̀. Tó bá fi máa kan ẹni ogójì, á tọ́ ọ wò, á ní: ọbẹ̀ yìí tẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ọbẹ̀, òógùn ni ṣíbí.

Lórí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kò yẹ kó dín ní 135. Tó bá dín, omi á máa wọ inú ọpọlọ, ọpọlọ á wú, bẹ́ẹ̀ agbárí kì í fẹ̀. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu, gìrì lè tẹ̀ lé e. Níbi eré ìje ọ̀nà jíjìn tí wọ́n sá nílùú Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti tẹ́. Oríṣiríṣi tí àwọn dókítà pín in sí ò kàn wá níbí.

Grand Canyon wá jẹ́ ọ̀gbun tí odò Colorado gbẹ́, 446 kìlómítà ní gígùn, ó sì jìn ju 1,800 mítà lọ níbi tó ti jìn jù. Ní Òkè Ìdànrè, ìgòkè lèèyàn kọ́kọ́ ń ṣe. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á yí padà, ilẹ̀ á gbà á. Ibẹ̀ yàtọ̀: ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣáájú, nígbà tí ara ṣì le, ooru sì ń pọ̀ sí i béèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ooru wọn, ooru ìsàlẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lábẹ́ ibòji. Ìgòkè, tó sábà máa ń gba ìlọ́po méjì àsìkò, ló kù sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ débi pé òógùn á ti gbẹ kó tó ṣàn, èèyàn á rò pé òun ò làágùn, á sì máa mu omi láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀gbun náà ń kìlọ̀ pé kéèyàn má rìn láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, kó má sì dán an wò pé òun fẹ́ dé odò kóun tún padà lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tí orúkọ ti ṣe pàtàkì rèé. Ẹni tí omi gbẹ lára rẹ̀, orí á fọ́ ọ, á bì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́ náà á ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á sì sáré rọ omi sí i lẹ́nu, wọ́n ń pa á lọ. Ìtọ̀ ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń kéré, ó máa ń pọ́n. Ìtọ̀ ẹni kejì lè máa ya lemọ́lemọ́, kó mọ́ bí omi òjò. Wàyí o, ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé yín pé ọbẹ̀ tẹ́, kí la ó ṣe? Á ní ká yéé bu omi sí i, ká fi iyọ̀ sí i. Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: ẹ̀pà oníyọ̀ lọ́wọ́ kan, omi lọ́wọ́ kejì. Bí ara bá ń ṣe ẹnì kan bíi ti ẹni kejì yẹn, kó jókòó síbòji, kó dáwọ́ omi dúró, kó jẹ nǹkan oníyọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dàrú lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan mọ́, kí wọ́n wá olùrànlọ́wọ́ kíá.

Olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìtìjú ni "tẹ́", pé àwọn èèyàn á rò pé ìdílé ẹni náà ló tẹ́. Mo ní lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹni tó tẹ́ ni adùn rẹ̀ ti tán lẹ́nu ará ìlú. Kò gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó jẹun nílé mi. Ó mú òkèlè àkọ́kọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, gbẹ̀gìrì yìí mà tẹ́ o." Mi ò fọhùn. Mo ti agolo iyọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.