Yàrà Ìdánwò: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Abẹ́ Ilẹ̀ Oko Wò ní England Kí Wọ́n Tó Kọ́lé

Ní England, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé rẹpẹtẹ sórí ilẹ̀ oko lè rí i pé ìjọba ìbílẹ̀ kò fọwọ́ sí i, àfi bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ilẹ̀ náà wò. Àpò ẹni tó fẹ́ kọ́lé sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ọdún 1990 ni ètò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, lẹ́yìn ariwo tó ta ní London lọ́dún 1989, nígbà tí wọ́n rí ìpìlẹ̀ ilé eré Rose, níbi tí wọ́n ti ṣe eré Shakespeare láyé àtijọ́, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì sí.

Wọ́n á kọ́kọ́ wo máàpù àtijọ́ àti fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè, wọ́n á tún gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ kọjá lórí oko náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yàrà ìdánwò kàn, ìyẹn kòtò tóóró tí wọ́n ń gbẹ́ láti wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gùn tó mítà 30 sí 50, á fẹ̀ tó mítà 2. Bí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, ìdá 2 sí 5 péré nínú 100 ilẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń kó. Wọ́n á gbẹ́ díẹ̀ síbi tí ẹ̀rọ kò ti rí nǹkan kan pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń ṣìnà.

Katapílà ló ń hú iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, ṣùgbọ́n bókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní eyín, kó má baà ha ojú ilẹ̀. Awalẹ̀pìtàn á dúró tì í, kò ní gbójú kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe wúrà ló ń wá o, àwọ̀ ni. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ láyé àwọn ará Róòmù ti kún fún iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Lórí ilẹ̀ ẹfun, ó máa ń hàn bí tàdáwà lórí ìwé. Ilẹ̀ amọ̀ ló ń dáni lágara: bí oòrùn bá ti pa á gbẹ, àmì tó hàn láàárọ̀ lè pòórá lọ́sàn-án. Ààbọ̀ kòtò ni wọ́n máa ń gbẹ́, kí ààbọ̀ tó kù lè fi bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe to léra wọn hàn. Wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Àpáàdì inú rẹ̀ ló sì sábà máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí wọ́n bá kan egungun èèyàn, wọn ò gbọdọ̀ hú u láìgba ìwé àṣẹ.

Yàrà gígùn tí àwọn ará àtijọ́ fi pààlà oko kì í ṣòro rí. Sàréè mélòó kan ló lè bọ́ sáàárín yàrà ìdánwò méjì, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Nítorí náà, bí ìròyìn bá tiẹ̀ ní àwọn ò rí nǹkan kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì lè ní kí awalẹ̀pìtàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí nǹkan bá wà, wọ́n lè wa gbogbo ibẹ̀ pátá, tàbí kí wọ́n yí àwòrán ilé padà, kí apá ibẹ̀ di pápá tí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé sí. Ọ̀nà kejì yìí lè dín owó kù fún ẹni tó ń kọ́lé.