Ṣé Sójà Lè Kọ́ṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní Ìbàdàn, ta ni kò mọ sójà? Odògbo lọ́nà Òjóò ni olú ilé-iṣẹ́ Ẹ̀ka Kejì ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà wà, bárékè Letmauk náà sì wà ní Mọ́kọ́lá. Tí wọ́n bá wá gbọ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ológun ibòmíràn fi ń gba apá kan ẹ̀kọ́ wọn, ìbéèrè máa ń pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn nìyí.

Ṣé fóònù lè kọ́ ènìyàn ní ogun jíjà ni?

Rárá o. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ni ohun tí orí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọwọ́ tó débẹ̀: òfin ogun, máàpù kíkà, orúkọ àti iṣẹ́ ẹ̀yà ara ohun ìjà, ìtọ́jú ẹni tó fara gbọta.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtọ́jú yìí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ìdè tí wọ́n ń pè ní tourniquet ni wọ́n ń lò. Wọ́n á dì í ní sẹ̀ńtímítà 5 sí 7 lókè ojú ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ bọ́ sórí oríkèé, wọ́n á yí ọ̀pá rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, wọ́n á sì kọ aago tí wọ́n dì í. Ogún ìṣẹ́jú tó láti fi àwòrán àti ìbéèrè kọ́ èyí lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló wá kan pápá: kí sójà fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mọ́ itan ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń hàn. Ẹlòmíràn á dì í mọ́ orúnkún, níbi tí egungun kò ti ní jẹ́ kó tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹlòmíràn á dẹ̀ ẹ́ nítorí pé ẹni tó fara pa ń pariwo. Kò sí máàkì orí fóònù tó lè ṣàtúnṣe èyí. Àmọ́ nítorí pé wọ́n ti ka ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, olùkọ́ kò ní fi òwúrọ̀ pápá ka ìwé sí wọn létí.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà dá ètò kan tó ń jẹ́ ADL (Advanced Distributed Learning) sílẹ̀ ní 1997. Wàhálà wọn ni pé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka kan bá ṣe kì í ṣí lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka mìíràn, wọ́n á tún sanwó ṣe òmíràn. SCORM ni wọ́n fi yanjú rẹ̀: ìlànà kan ṣoṣo fún bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀kọ́ sínú fáìlì àti bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń bá sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ẹ̀kọ́ àti máàkì, sọ̀rọ̀. SCORM 1.2 jáde ní 2001, wọ́n ṣì ń lò ó dòní, Moodle, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì mọ̀ ọ́n kà.

Ọkọ mi parí ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n sáfà ní kò parí. Kí ló fà á?

Ìbéèrè yìí dùn wá, torí wọ́n sábà máa ń dá sójà lẹ́bi ohun tí kò ṣe.

Ẹ̀kọ́ SCORM gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí sáfà kó tó padé. Tí sójà bá ti ojú-ìwé náà láìtẹ bọ́tìnnì ìjáde, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà náà, iṣẹ́ yẹn lè má dé, "incomplete" (kò parí) ni yóò wà lórúkọ rẹ̀. Èkejì, ìwọ̀n lẹ́tà 4,096 péré ni SCORM 1.2 fi ń rántí ibi tí ènìyàn kà á dé. Ẹ̀kọ́ tó gùn wákàtí méjì, tó kún fún ìbéèrè, lè kọjá ìyẹn, kó wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ lè ní kí ó ránṣẹ́ "completed" (ó parí), kí ẹni tó gbé e sórí Moodle sì máa retí "passed" (ó yege). Àwọn méjèèjì kò ní pàdé láéláé.

Tí Moodle kò bá tiẹ̀ gba ẹ̀kọ́ náà wọlé rárá, ẹ wo fáìlì zip tí wọ́n di ẹ̀kọ́ náà sí. imsmanifest.xml, fáìlì tó ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà, gbọ́dọ̀ wà lójú òde, kì í ṣe nínú fódà mìíràn. Ẹni tó bá zip fódà dípò ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń kó sí èyí.

Dátà ńkọ́?

Fídíò ìṣẹ́jú 10 tó ń gba kílóbíìtì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ 37.5 MB. Ohùn lásán ní kílóbíìtì 32, pẹ̀lú àwòrán mẹ́wàá tó jẹ́ 60 KB ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ju 3 MB lọ. Fún sójà 40, ẹ̀kọ́ kan náà di 1,500 MB tàbí 120 MB. Ẹ fi fídíò sílẹ̀ fún ohun tó ní ìrìn nínú, bí ìbọn títú, ẹ sì lo ohùn fún ìyókù.

Ó tún ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: Moodle lórí kọ̀ǹpútà kan nínú kíláàsì, ráúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí fóònù wọn so mọ́ ọn. Ráúta ilé kì í fẹ́ gba fóònù 40 pa pọ̀. Ẹ pín wọn sí ogún-ogún. Ẹ má ṣe gbé kọ̀ǹpútà náà sórí iná NEPA nìkan, torí bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ máàkì sílẹ̀, àkọsílẹ̀ lè bàjẹ́.

Ṣé àṣírí kò ní tú?

Ó lè tú láìsí olè kankan. Ní January 2018, àwọn ènìyàn rí ibùdó ológun ní Síríà àti Afuganísítánì lórí máàpù Strava, áàpù tí wọ́n fi ń ka eré sísá, kìkì nítorí pé àwọn sójà ń fi aago ọwọ́ wọn ka eré tí wọ́n ń sá. Ẹ pa location fóònù, ẹ má fi nọ́ńbà iṣẹ́ sójà ṣe orúkọ ìwọlé, ẹ má sì ya àwòrán ilé ìkó-ìbọn sínú ẹ̀kọ́. Ohun tó bá jẹ́ àṣírí gan-an kì í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì yẹ kó dé WhatsApp.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé sójà fúnra rẹ̀ ló ṣe ìdánwò?

Ẹ kó ìbéèrè 60 jọ, kí Moodle máa yan 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí aago sì máa ka. Lọ́jọ́ pápá, kí olùkọ́ bi í ní méjì nínú wọn lẹ́nu kó tó fún un ní ohun èlò. Ẹni tí ẹlòmíràn bá ṣe é fún kì í lè dáhùn, ẹ dá a padà sídìí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.