Bí Ìfohùnṣọ̀kan Àwọn Onímọ̀ Ṣe Lè Ṣàǹfààní fún Ọmọ Tó Nílò Ìrànlọ́wọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́

Ọmọ kan lè wà ní kíláàsì tí etí rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa, tí ara rẹ̀ sì yá, síbẹ̀ bí olùkọ́ bá sọ gbólóhùn gígùn, díẹ̀ ni yóò yé e, bí wọ́n bá sì ní kó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ kò ní tò lẹ́nu rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ń pe ìṣòro yìí kọ́ ni onímọ̀ nípa èrò ọkàn ń pè é, ti dókítà tún yàtọ̀. Èmi tí mo ń bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ̀ pé èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lórí orúkọ lásán, nítorí ohun tí a bá kọ sínú ìwé ọmọ ni ilé ẹ̀kọ́ ń wò kó tó pinnu bóyá ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí i.

Iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CATALISE, èyí tí Dorothy Bishop, onímọ̀ nípa èrò ọkàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2016 àti 2017, ló yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀. Onímọ̀ 59 láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kópa ní apá àkọ́kọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ sí orúkọ kan, Developmental Language Disorder, tí a gé kúrú sí DLD, ìyẹn ìṣòro èdè tó ń bá ọmọ dàgbà. Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju orúkọ náà lọ ni pé wọ́n gbà pé kò pọn dandan kí àmì òye ọmọ nínú ìdánwò tí kò gba ọ̀rọ̀ sísọ ga ju ti èdè rẹ̀ lọ fíìfíì kí a tó ràn án lọ́wọ́. Òfin àtijọ́ yẹn ti dínà mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ìlànà tí wọ́n lò ni Delphi, tí Olaf Helmer àti Norman Dalkey wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Wọ́n á fi àwọn gbólóhùn ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀, kálukú á sì sọ bí òun ti fara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àti ìdí rẹ̀. Wọ́n á kó èsì jọ, wọ́n á dá a padà fún gbogbo wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kálukú á sì tún èrò rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Àìdárúkọ yìí ni ẹ̀mí ìlànà náà: nínú ìpàdé, bí ẹni tó lókìkí jù bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù a máa gbè é lẹ́yìn tàbí kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n lórí ìwé tí kò lórúkọ, àlàyé tó múná dóko ló ń borí.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe gba ìwé kan gbọ́ kìkì nítorí pé ọ̀rọ̀ ìfohùnṣọ̀kan wà ní iwájú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti sọ iye tí wọn yóò kà sí ìfohùnṣọ̀kan, bí àpẹẹrẹ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ìgbà tí èsì dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án. Ẹ wo àwọn tí wọ́n pè. Ó ń dùn mí gidigidi nígbà tí a bá ń pinnu ohun tí ọmọ nílò láìsí olùkọ́ tó ń rí i lójoojúmọ́, láìsí òbí, láìsí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti la irú rẹ̀ kọjá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò pé ọ̀nà kan dára kò tíì fi hàn pé ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ń béèrè pé kí a dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì wọn ìyàtọ̀ tó mú wá.

Fún olùkọ́, ibi tí àwọn onímọ̀ kò ti fohùn ṣọ̀kan wúlò bíi ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fi ṣe ìlànà fún gbogbo kíláàsì. Ohun tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí, ẹ lè dán an wò fún sáà kan lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì pe òbí láti wá wo àkọsílẹ̀ náà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀.