Ẹ má ju lébẹ̀lì àtijọ́ yẹn nù

Àwọn tó bá wọ yàrá tá a ń kó kòkòrò sí ní mùsíọ́mù máa ń bi wá pé kí lẹ ń fi èyí tó ti gbẹ, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti já, ṣe? Ẹ jẹ́ n fi webspinner ṣàlàyé. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, abẹ́ èèpo igi àti abẹ́ òkúta ló ń gbé láwọn ilẹ̀ olóoru, ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń hun sílíkì (aláǹtakùn, ìdí ló fi ń hun tiẹ̀), inú ihò sílíkì yẹn náà ni abo ti ń tọ́jú ọmọ.

Ní 1837, Westwood ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀kan tó wá láti Bengal ní Oligotoma saundersii. Kòkòrò gan-an tó wò kó tó kọ̀wé nípa ẹ̀ là ń pè ní táípù, òun ni kóńgò tá a fi ń wọn gbogbo kóńgò tó kù lọ́jà. Irú kòkòrò yìí ń bá ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi rìnrìn àjò, ó wá dé ibi púpọ̀, onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ McLachlan rí ti Hawaii ní 1883, ó rò pé tuntun ni, ló bá sọ ọ́ ní insularis. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ibi tó ti le nìyí o: ìdí akọ la fi ń dá wọn mọ̀, àwọn nǹkan líle tó wà níbẹ̀, tòsì àti tọ̀tún ò dọ́gba, àmọ́ tó bá ti gbẹ lórí píìnì ó máa ń súnkì, èèyàn ò ní rí nǹkan kan, àfi ká rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà tó ń jẹ́ potassium hydroxide kí ẹran ẹ̀ yọ́, ká wá tẹ́ ẹ sórí gíláàsì fún máíkírósíkópù. Edward Ross ti California Academy of Sciences fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Tó bá wá jẹ́ abo ni táípù ńkọ́? Wàhálà gidi ni, torí abo ò ní ìyẹ́, wọ́n sì jọra jù.

Àwọn ará àtijọ́ ò sì kọ "táípù" sára ẹ̀. Ìwé ọwọ́ tó wà lára lébẹ̀lì, ìyẹn bébà kékeré tó wà lábẹ́ kòkòrò lórí píìnì, àti orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, la fi ń mọ̀ pé òun ni. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i tẹ́nì kan tún lébẹ̀lì tẹ̀ tó sì ju ti àkọ́kọ́ nù. Iná ogun ló jó kòkòrò gbígbẹ mùsíọ́mù Hamburg ní 1943, ìyẹn ò ṣeé dá dúró, èyí ṣeé dá dúró.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ní àpótí kòkòrò àtijọ́ nílé tàbí ní ilé ìwé, ì báà jẹ́ pé ìwé ọwọ́ ẹ̀ burú tàbí wọ́n ṣi orúkọ ìlú kọ, ẹ fi lébẹ̀lì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ tiyín sórí bébà kékeré míì, kẹ́ ẹ fi gún abẹ́ ẹ̀ lórí píìnì kan náà.