Ilé sẹ́ńsọ̀: ohun tó ń jẹ́ kí wẹ́dà stéṣàn sọ òótọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe wẹ́dà stéṣàn, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ojú ọjọ́ ṣe rí, sílé, kẹ́ ẹ tó máa ronú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìwọ̀n yẹn, tẹ́ ẹ máa rà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ ro ilé tó máa gbé. Sẹ́ńsọ̀ BME280 kan ṣoṣo á wọn ooru, á wọn ọ̀rinrin, á tún wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó, ẹ so ó mọ́ ESP32, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tó ní wáìfáì, wáìfáì á gbé nọ́ńbà sórí fóònù yín, ìyẹn ò le rárá. Ibi tó ti ń le ni kí nọ́ńbà yẹn jẹ́ òótọ́.

Ara ògiri lẹ́yìnkùlé n'Íbàdàn ni mo kọ́kọ́ kan tèmi mọ́, tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán á ní dígírì 43, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àfìgbà tí mo gbé e síbòji tó já sí 33. Sẹ́ńsọ̀ ò mọ afẹ́fẹ́ o, ìgbóná ara tiẹ̀ nìkan ló mọ̀. Tí oòrùn bá ń pa á, tàbí tí ògiri tó ti yá oòrùn láti àárọ̀ ń fẹ́ ooru sí i lára, á gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ohun tó máa kà fún yín náà nìyẹn.

Ìdí nìyí tí Thomas Stevenson, ẹnjiníà ará Scotland, fi ṣe àpótí onígi funfun tó dà bíi wíńdò lúfà ní ọ̀rúndún 19, wọ́n ṣì ń pè é ní Stevenson screen dòní.

Tiwa ò gba káfíńtà. Àwo róbà funfun tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó, ẹ ra bíi méje, ẹ gé àárín gbogbo wọn àfi ti òkè pátápátá, ẹ dojú wọn délẹ̀, ẹ fi bóòtì gígùn mẹ́ta tò wọ́n léra, kí àlàfo ìbú ìka kan wà láàárín wọn, kẹ́ ẹ wá so sẹ́ńsọ̀ rọ̀ sáàárín. Funfun ń da oòrùn padà, atẹ́gùn ń gba àlàfo kọjá, òjò ò sì ní kàn án. Ẹ gbé e sórí òpó tó ga tó mítà kan ààbọ̀, lórí koríko tàbí iyẹ̀pẹ̀, kó jìnnà sí sìmẹ́ńtì, páànù àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ má kó ESP32 sínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹ̀, torí òun náà ń gbóná.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o: BMP280 jọ BME280, àmọ́ kò lè wọn ọ̀rinrin. Tí kóòdù tẹ́ ẹ kọ sórí ESP32 bá bi í ní ID ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, tó dáhùn 0x58, BMP nìyẹn, 0x60 ni BME.

Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ń wálẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ má tíì rò pé òjò ń bọ̀ kẹ́ ẹ sáré kó aṣọ wọlé, ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ olóoru.

Láti mọ̀ bóyá ilé sẹ́ńsọ̀ yín dáa, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ kejì síbòji igi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wéra laago mẹ́fà àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán. Tí wọ́n bá bára mu láàárọ̀ àmọ́ tí ti inú ilé sẹ́ńsọ̀ ga ju èkejì lọ lọ́sàn-án, oòrùn ṣì ń rí i nìyẹn, ẹ fi àwo kún un.