Àtúnṣe Ẹ̀rí Ìkúrò, Kì í Ṣe Ìgbéga Ìtúsílẹ̀

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà kò kéré mọ́. Láti 2009 títí di 2016, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, èyí tí ìjọba ibẹ̀ fi ń gba àwọn àjèjì tó mọ iṣẹ́ ìṣègùn tàbí tó gbọ́ àwọn èdè kan tí iléeṣẹ́ ológun nílò, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Nígbà tí ẹnì kan nínú wọn bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tí kò dára, tó sì ń béèrè ohun tó lè ṣe sí i, ohun tó máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣàlàyé fún un ní Yorùbá ni pé kó lọ béèrè "ìgbéga ìtúsílẹ̀", ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní discharge upgrade, ìyẹn kí ìgbìmọ̀ kan tún ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìkúrò rẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì yí i padà bó bá yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, kì í ṣe nítorí pé kò dùn létí, bí kò ṣe pé ó ń sọ nǹkan mìíràn fún ẹni tó gbọ́ ọ, ẹni náà a sì gba ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà. Àtúnṣe ẹ̀rí ìkúrò ni èmi ń pè é, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí "ìgbéga". Ní bárékè, ohun kan ṣoṣo ni ìgbéga jẹ́: kí kọ́púrà di sájẹ́ǹtì, kí owó oṣù rẹ̀ sì lé sí i. Ìgbéga a máa bá ọdún rìn. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì ṣẹ̀, a máa retí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbọ́ "ìgbéga ìtúsílẹ̀" fi ń tètè gba irọ́ kan gbọ́, irọ́ tó ti wà láàárín àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn láti ọjọ́ pípẹ́, pé bí oṣù 6 bá ti kọjá lẹ́yìn tí ológun kúrò, ìwé rẹ̀ yóò di ìwé tó dára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Oṣù 6 lè di ọdún 60, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ bí ẹni tó ni ín kò bá kọ̀wé béèrè.

"Ìtúsílẹ̀" náà kò bá a mu. Ẹlẹ́wọ̀n là ń tú sílẹ̀. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ là ń tú sílẹ̀. Ẹni tó fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ ológun kò sí nínú ìdè. Àwọn kan wá ń lo "ìfẹ̀yìntì", èyí sì tún burú sí i, nítorí pé ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ti lo ọdún 20 lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìfẹ̀yìntì sì ń wọlé fún un, nígbà tí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè má tíì lo ọdún 3. Àwọn tó ń kọ "dísíṣáàjì" ní tiwọn kò túmọ̀ ohunkóhun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n láti ẹnu wọn.

"Ìdáríjì" ni mo kà sí èyí tó léwu jù lọ nínú gbogbo wọn. Ààrẹ ló ń dárí ji ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, ẹni tó sì ń tọrọ ìdáríjì kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀bi mọ́. Ológun tó bá fi ọkàn ìdáríjì kọ̀wé yóò kàn máa bẹ̀bẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yóò sọ bí ìyà ṣe ń jẹ òun, yóò sọ bí nǹkan ṣe le fún ìyàwó àti ọmọ, kò sì ní dé orí ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ̀ rárá, ìyẹn bóyá ohun tí iléeṣẹ́ ológun kọ nípa rẹ̀ tọ́ tàbí kò tọ́.

"Ìkúrò" kò yin ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó parí àdéhùn rẹ̀ kúrò, ẹni tí wọ́n lé náà kúrò. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹ̀rí tí iléeṣẹ́ ológun jẹ́ nípa bí oníkálukú ṣe kúrò. Ẹ̀rí yìí ni òfin fàyè sílẹ̀ fún pé kí a tún ṣe.

Inú ìwé ìkúrò tí wọ́n ń pè ní DD Form 214 ni ẹ̀rí náà wà, ìsàlẹ̀ ìwé náà sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àpótí 24 ló ń sọ irú ìkúrò. Àpótí 26 ní àmì ìdí ìkúrò. Àpótí 27 ní àmì tó ń sọ bóyá ẹni náà tún lè padà wọṣẹ́. Àpótí 28 ló kọ ìdí ìkúrò sílẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú tí ojú gbogbo ènìyàn lè kà. Ẹ̀dà kúkúrú kan wà tí wọ́n ti yọ apá ìsàlẹ̀ yìí kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tó bá mọ ìwé ológun yóò ní kí wọ́n mú ẹ̀dà gígùn wá, bí ó bá sì rí i pé ẹ̀dà kúkúrú nìkan ni ẹni náà ń mú kiri, yóò ti fura. Ẹ kíyè sí i pé àpótí 24 lè dára, kí àpótí 28 sì máa dójú ti ẹni tó ni ìwé. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yọ nítorí pé wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn, kí wọ́n tó fòpin sí òfin tó ní kí wọ́n máa yọ irú wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011: ìkúrò pẹ̀lú ọlá ni wọ́n kọ fún wọn lókè, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ gbangba sí ìsàlẹ̀. Ìdí kì í ṣe ohun tí a lè gbé ga. A lè tún un ṣe, àwọn ìgbìmọ̀ sì ń tún un ṣe, èyí nìkan sì tó láti fi mọ̀ pé "ìgbéga" kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí tán.

Irú ìkúrò márùn-ún ló ṣe pàtàkì. Honorable ni ìkúrò pẹ̀lú ọlá. General ni ìkúrò lábẹ́ ọlá tó ní àléébù. Other Than Honorable ni ìkúrò tí kò bá ọlá mu. Àwọn ọ̀gá ológun ló ń fúnni ní mẹ́ta yìí, láìsí pé ilé ẹjọ́ dá sí i. Méjì tó kù, Bad Conduct àti Dishonorable, tí mo ń pè ní ìkúrò ìwà burúkú àti ìkúrò àbùkù, ilé ẹjọ́ ológun nìkan ló lè fúnni. Nítorí náà, àwọn tó ń túmọ̀ Other Than Honorable àti Dishonorable sí "ìtúsílẹ̀ aláìlọ́lá" bákan náà ń ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́. Ẹni tó gba ìkúrò àbùkù ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níwájú ilé ẹjọ́ ológun, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sì gbà á láyè láti ní ìbọn. Ẹni tó gba ìkúrò tí kò bá ọlá mu lè má tíì dúró níwájú adájọ́ rí láyé rẹ̀. Ti àwọn ọ̀gá ológun tí ilé ẹjọ́ yọ nípò, àti ti àwọn tó kúrò ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ láìsí pé wọ́n kọ irú ìkúrò fún wọn, kò yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Kí ni ìgbìmọ̀ ń ṣe gan-an? Ẹ fi wé ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ fún ọdún mẹ́rin, tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣe aáwọ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣe fíríìdọ̀mù, tí ọ̀gá lé e lọ, tó sì ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé aláfojúdi ọmọ ni. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ gbà á mọ́. Ó mú ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ aránṣọ. Àwọn àgbà kò ní kó wá gé aṣọ kí àwọn wò ó, wọn kò sì ní fi í ṣe ọ̀gá lórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun méjì ni wọn yóò béèrè. Ǹjẹ́ ọ̀gá tẹ̀lé òfin ẹgbẹ́ nígbà tó lé ọmọ náà? Bó bá tilẹ̀ tẹ̀lé e, ǹjẹ́ orúkọ tó sọ ọmọ náà bá ìwà tó hù láti ọdún mẹ́rin wá mu, àbí ìwà ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi pè é? Bí wọ́n bá rí i pé kò bá a mu, wọn yóò ní kí ọ̀gá yí ohun tó ń sọ padà, kó sì fọwọ́ sí ìwé fíríìdọ̀mù ọmọ náà.

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni òfin Amẹ́ríkà gbé lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́: ìbófinmu àti àìṣègbè. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ni Ìgbìmọ̀ Àtúnyẹ̀wò Ìkúrò, tí òfin 1944 tó ṣètò ìrànwọ́ fún àwọn tó ti ogun dé dá sílẹ̀. DD Form 293 ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín ọdún 15 lẹ́yìn ìkúrò. Kò lè fọwọ́ kan ìkúrò tí ilé ẹjọ́ ológun tó ga jù nínú àwọn ilé ẹjọ́ ìgbẹ́jọ́ fúnni. Ìgbìmọ̀ kejì, Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Ológun, lágbára jù ú lọ. DD Form 149 ni tirẹ̀, ọdún 3 lẹ́yìn tí ẹni náà rí àṣìṣe ni òfin dá, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè gbójú fo ọdún náà bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọdún 15 kò tíì pé fún ni kó kọ́kọ́ lọ sí ti àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ní ẹ̀tọ́ láti fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé irú ẹ̀rí báyìí kì í wọ́. Ní 1906, ní ìlú Brownsville ní Texas, wọ́n yìnbọn lóru, wọ́n sì di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ ogun dúdú. Ààrẹ Theodore Roosevelt lé 167 nínú wọn láìsí ọlá, láìsí ìgbẹ́jọ́ kankan. Ọdún 1972 ni wọ́n tó yí i padà sí ìkúrò pẹ̀lú ọlá, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kú. Dorsie Willis tó wà láàyè gba 25,000 dọ́là. Lẹ́yìn èyí ni ti ìwé ìkúrò aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n lò láti 1916 sí 1947, tí kò sọ pé ẹni náà ní ọlá, tí kò sì sọ pé kò ní. Nínú 48,603 tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ fúnni láàárín oṣù kejìlá 1941 àti oṣù kẹfà 1945, 10,806 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn dúdú, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ ogun náà. Ìwé tí kò dáni lẹ́bi yìí ni wọ́n fi dí wọn lọ́nà owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ilé.

Lóde òní, ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ni àárẹ̀ ọkàn tí ogun ń dá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PTSD. Ẹ wo ológun tó ti Iraq dé, tí oorun dá lójú rẹ̀, tó ń mu igbó kó lè sùn. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i níbẹ̀, ó sì kúrò pẹ̀lú ìwé tí kò bá ọlá mu lẹ́yìn iṣẹ́ rere ọdún púpọ̀. Láti 2014 ni iléeṣẹ́ ètò ààbò ti pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ má ṣe le koko mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àṣẹ 2017 sì fi kún un pé kí wọ́n ṣe bákan náà fún ẹni tí orí rẹ̀ fara pa lójú ogun àti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ń bi ara wọn: ǹjẹ́ àìsàn tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó lè jẹ́ àwáwí? Ǹjẹ́ ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀? Ǹjẹ́ lóòótọ́ ló mú kí ẹ̀ṣẹ̀ náà fúyẹ́? Ǹjẹ́ ó wúwo ju ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e lọ? Ẹ̀rí ni ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń béèrè, ìwé dókítà, ìwé àwọn tí wọ́n jọ wà lójú ogun, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí nǹkan tó dàrú. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kò lè dáhùn ìkankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fojú fò. Owó ilé ẹ̀kọ́ tó wà fún àwọn tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìkọlù 2001 kò tọ́ sí ẹni tó ní General, àyàfi ẹni tó ní Honorable. VA, àjọ tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ní Other Than Honorable fúnra rẹ̀, kó sì gbà láti tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu VA kò yí lẹ́tà kan padà nínú DD Form 214. Fún àwọn ọmọ wa tó tipasẹ̀ iṣẹ́ ológun di ọmọ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù báyìí lọ: láti oṣù kọkànlá 2003, òfin gbà pé kí ìjọba gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú náà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá kúrò lọ́nà tí kò bá ọlá mu kó tó pé ọdún 5 tó ti fi ọlá ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè kò ní san kọ́bọ̀ fún ìgbìmọ̀ méjèèjì. Kó kọ́kọ́ béèrè fáìlì ara rẹ̀ lọ́wọ́ ibi ìkó-àkọsílẹ̀-sí tó wà ní St. Louis, kó ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú DD Form 293, nítorí pé fáìlì náà ni ìgbìmọ̀ yóò ṣí. Kí ó má sì bẹ̀rù pé ìwé rẹ̀ yóò burú ju bó ṣe wà lọ: òfin kò gba Ìgbìmọ̀ Àtúnyẹ̀wò Ìkúrò láyè láti rẹ ìkúrò ẹnikẹ́ni sílẹ̀.